Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ àti Wáyà Orílẹ̀-Èdè Márùn-ún

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iná tó ń ti inú òkun wá lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn ńláńlá ni wọ́n máa ń fi hàn wá: mínísítà tó wọ kóòtù, ọ̀gá àgbà tó dé akoto funfun tí eruku kò kàn rí, àti àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bíi pé ọwọ́ bíbọ̀ ló ń tan gílóòbù. N kò bá wọn jà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan kò lè dá ṣe ni wọ́n parapọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí, kò sí kámẹ́rà tó yà á. Inú ìbọ̀wọ́ ló wà.

Obìnrin ló ni ọwọ́ náà. Gbogbo inú ọkọ̀ ló ń pè é ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹni tó rí i rí kó fi ipá mú nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so wáyà abẹ́ òkun pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò pé wáyà fáànù ni mò ń wí. Láàárín agbami, níbi tí ìgbì ti ń ga tó òrùlé, àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún yìí gbé ẹ̀rọ léfòó sórí omi. Ìgbì á gbé e sókè, ìgbì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbígbé àti sísọ̀ náà ló ń di iná, láìsí èéfín, láìsí epo. Wáyà tó ń gbé iná ọ̀hún wá sílé nípọn tó itan àgbàlagbà, ó sì gùn débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo kò lè kó o. Orílẹ̀-èdè kan á tẹ́ tirẹ̀ láti èbúté rẹ̀, òmíràn á tẹ́ tirẹ̀ láti òdìkejì. Ibi tí orí méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n á fà wọ́n gòkè sínú ọkọ̀, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ á sì so wọ́n di ọ̀kan.

Inú àgọ́ ni wọ́n ti ń so ó. Àgọ́ náà wà lórí ọkọ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ẹni méjì péré ló sì ń wọ ibẹ̀, tàwọn ti ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Wọ́n á fi iná jó bàbà inú wáyà pọ̀, wọ́n á wá máa fi pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti mu òróró yó wé e, ìpele lórí ìpele, bí ẹni ń wé ọgbẹ́. Eruku bíńtín, ẹ̀kán òógùn kan, irun ìpéǹpéjú kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni iná yóò ti bẹ́ nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ òkun. Ọwọ́ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ìpele ìkẹyìn ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, torí ọwọ́ ẹni méjì kì í fa nǹkan bákan náà. Bí ẹni náà bá jáde láàárín kan, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ sọnù ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí màmá mọ̀ nípa iná kò ju kí a tẹ bọ́tìnnì lọ. Aránṣọ ni wọ́n. Nígbà tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń sùn sí, ó sì mọ ìró ẹ̀rọ náà kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Màmá a máa gbé òwú lé e lọ́wọ́. "Má fà á, má sì dẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọmọ náà gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́ ju òun alára lọ.

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ìgbà kan, wọ́n wọlé wá sọ fún asowáyà kan láàárín iṣẹ́ pé ilé rẹ̀ jó. Ọkùnrin náà kò sunkún, kò sọ̀rọ̀, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn sì yìn ín pé ọkùnrin gidi ni. Àṣé ọwọ́ ti ń gbọ̀n nínú ìbọ̀wọ́. Ìso náà bẹ́ ní ìsàlẹ̀ òkun, odidi etíkun kan sì wà nínú òkùnkùn títí ọkọ̀ fi ráyè padà lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo òṣìṣẹ́ ṣèpàdé. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ló dìde tó ní kí ìròyìn ilé má wọ inú àgọ́ mọ́ rárá, ì báà jẹ́ ti ọ̀fọ̀, ì báà jẹ́ ti ìdùnnú.

Ẹni tó ta kò ó ni Baba Onífìlà, ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìta àgọ́. Arúgbó apárí ni, kì í ṣí fìlà tó dé. Àwọn ọmọṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé fìlà ni ilé-iṣẹ́ gbà síṣẹ́, pé Baba kàn tẹ̀ lé e wá ni.

"Èèyàn la jẹ́," ni Baba wí lọ́jọ́ náà. "Ẹ má sọ wá di ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń so wáyà, ẹ jẹ́ kó lè yàn fúnra ẹ̀."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Baba ni yóò máa tọ́jú fóònù ẹni tó bá wà nínú àgọ́. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá ti ilé wá, kó gbé e mì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, kó wá dúró lẹ́nu fèrèsé kékeré tó wà lára àgọ́, kó ṣí fìlà. Ẹni tó wà nínú àgọ́ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó jáde, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Tàbí kó na àtẹ́lẹwọ́ sókè, ìyẹn ni pé kí ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìkùnsínú.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, òun náà ni fìlà kọ́kọ́ ṣí fún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jogún ẹ̀rọ ìránṣọ màmá, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bá bà lé aṣọ oníbàárà, yóò pariwo bíi pé ẹkùn wọlé. Ó pe fóònù lọ́jọ́ kan, ó ń kígbe pé òrùlé ti ṣí, pé Màmá ti ṣubú. Baba Onífìlà sáré wá sẹ́nu fèrèsé, ó ṣí fìlà. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ju iṣẹ́ sílẹ̀, ó jáde, ó gba fóònù tòun ti ẹkún. Páànù kan ṣoṣo ló ṣí. Màmá kàn fi orúnkún gbá àpótí ni, àwọn alára ni wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ wo? Wọ́n ti gé e sọnù. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kò sí ẹni tó bá a wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a ṣàwàdà fún ìgbà díẹ̀. Ó búra nínú ikùn rẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìso ìkẹyìn, èyí tí orílẹ̀-èdè márààrún ń dúró dè, Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn. Àìsàn inú ni. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, irú ohùn tí dókítà fi ń sọ pé òògùn ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ padà sínú yàrá, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Màámi, ṣé kí n lọ ni àbí kí n dúró?"

"Lọ o jàre. Ṣé o fẹ́ jókòó máa wò mí bí ìkòkò tó wà lórí iná ni?"

"Mo lè ní kí wọ́n wá ẹlòmíì."

"Ta lẹlòmíì? Ṣebí ìwọ náà lo sọ fún mi pé ọwọ́ èèyàn méjì ò jọra." Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn wọ́n níkùn, wọ́n dúró kó lọ. "Ohun tí mo fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ. Mi ò kí ń pè ẹ́. Àbúrò ẹ ló ń dà ẹ́ láàmú. Ọjọ́ tí èmi bá pè ẹ́ fúnra mi, dáhùn. Kí n gbọ́ ohùn ẹ."

"Màá dáhùn, Màámi."

"Ibi yòówù kó o wà?"

"Ibi yòówù kí n wà."

Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ bá àbúrò rẹ̀ jẹun kó tó máa lọ, torí bí kò bá sí ẹni tó jókòó tì í, kò ní jẹun. Bó ṣe kúrò nílé nìyẹn, tòun ti ìlérí náà lọ́rùn.

Ìso ìkẹyìn kò rọrùn. Òkun kò fara balẹ̀, ọkọ̀ ń mì, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ sì ń fi ìbàdí bá mímì náà lọ kí ọwọ́ má baà mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ni obìnrin gíga kan láti orílẹ̀-èdè òdìkejì, tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́. Kì í ṣe pé kò lè sọ̀rọ̀, ìbòmú ló bá ìwà rẹ̀ mu. Wọ́n ti jó bàbà pọ̀, wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti wé ìpele lórí ìpele, wọ́n ń sùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàárín, títí ó fi ku ìpele ìkẹyìn. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kó tó wọlé, ọ̀gá ọkọ̀ ti sọ fún un pé ìjì ń bọ̀. Bí wáyà kò bá tíì délẹ̀ òkun kí ìjì náà tó dé, ọkọ̀ á padà sí èbúté, ó sì di ìgbà tí òkun bá tún rọlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wé e dé ìdajì. Ó rí i pé ojú fèrèsé ṣókùnkùn díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá dúró síbẹ̀. Ó gbójú sókè.

Baba Onífìlà ni. Ó ti ṣí fìlà. Orí apárí náà funfun ní ibi tí oòrùn kì í kàn, ó sì jọ orí ọmọ tuntun. Ọwọ́ kan di fìlà mú, ọwọ́ kejì di fóònù mọ́ àyà.

Pépà tó wà lọ́wọ́ Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ dúró. Ó wo ìdajì tó ti wé, ó wo ìdajì tó kù, ó rántí òrùlé, ó rántí orúnkún tó gbá àpótí, ó rántí ojú àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń gé iṣẹ́ wọn sọnù. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè.

Baba kò kúrò. Ó gbé fóònù náà sókè díẹ̀, bíi pé kó lè rí i dáadáa. Adákẹ́ fi ojú bá a sọ̀rọ̀, ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó tún yíjú sí i. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ mi orí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó le lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ẹ̀ jọ ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn létí. Baba gbé fóònù sétí, ẹnu rẹ̀ mì, wọn kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó dúró díẹ̀ sí i, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé òrùlé ni. Ó sọ pé oníbàárà kan ló bá Àbúrò jà. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀, nítorí Baba kì í ṣe ẹni tí yóò torí òrùlé ṣí fìlà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bínú sí obìnrin yìí títí. Bí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ wọ inú àgọ́, kí n fà á jáde. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò ní ọ̀rọ̀ tó ti ní kó dúró?

Ó wé e títí di ọjọ́ kejì, ó parí rẹ̀ láìjáde nínú àgọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ohun tó sì máa ń dùn ún jù títí di òní nìyẹn. Wọ́n dán an wò, ó yè kooro. Wọ́n fi ìkarahun irin bò ó, wọ́n fi ẹ̀rọ gbé e, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tó ti ń dúdú lábẹ́ ìjì tó ń bọ̀. Nígbà tí ìròyìn dé láti èbúté méjèèjì pé iná ti kọjá, pé ó gba ibẹ̀ wá ó sì gba ibẹ̀ lọ, àwọn ọkùnrin tí kò gbọ́ èdè ara wọn ń gbé ara wọn jó. Ẹnì kan gbé Adákẹ́ sọ́rùn. Wọ́n ń wá Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ láti gbé òun náà.

Ẹ̀gbẹ́ irin ọkọ̀ ló wà lọ́dọ̀ Baba Onífìlà, ó ṣì wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ fún mi ní fóònù mi, Baba. Kí ni àbúrò mi tún fà báyìí?"

"Kì í ṣe àbúrò ẹ ló pè."

Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Baba.

"Màmá ẹ ni. Àwọn fúnra wọn. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, àmọ́ mo gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé e fún ẹ. Mo ní o wà nínú àgọ́. Wọ́n ní kí n ṣáà lọ sọ fún ẹ pé àwọn ló pè, pé o máa dáhùn."

"Baba."

"Mo wá, ọmọ mi. Mo dúró. O rí mi."

"Mo rí yín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, kò yára. "Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Ohun tí o fi ọwọ́ sọ náà ni. Mo ní o ní kí wọ́n dúró."

"Kí ni wọ́n wí?"

Baba ṣí fìlà rẹ̀, kò sì dé e padà. "Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ní àwọn á dúró."

Ó pe ilé. Àbúrò ló gbé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Àbúrò kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀."

"Gbé fóònù fún Màámi."

"Ẹ ṣáà máa bọ̀ ná."

"Mo ní kó o gbé e fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àbúrò wí, jẹ́jẹ́, "ẹ máa bọ̀ nílé."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n títí ọkọ̀ kékeré fi gbé e dé èbúté, títí ó fi wọ mọ́tò, kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà wọlé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n sùn ni. Níbi tí mọ́tò ti dúró gba epo, tẹlifíṣọ̀n kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn èrò pé jọ síwájú rẹ̀. Àwọn aṣojú márààrún ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ń sọ pé láti òní lọ, bí iná bá kù ní orílẹ̀-èdè kan, òmíràn yóò fún un, pé kò sí ẹni tí yóò dá wà nínú òkùnkùn mọ́. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tó jókòó ti Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ nínú mọ́tò ní, "Àwọn tó ṣe èyí gbìyànjú o. Ọlọ́run á bá wa tọ́jú ìyá tó bí wọn." Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ yíjú sí ìta. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, ìyá náà sì rò pé inú ló ń dùn ún.

Aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn aládùúgbò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dìde nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sì yà fún un lọ́nà. Nínú yàrá, ìyá ilé kejì, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà ọmọge, wà lórí àga. Àbúrò wà lórí ilẹ̀, ó fara ti ibùsùn. Màmá wà lórí ibùsùn, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò wọ́n dé àyà, wọ́n ti di àgbọ̀n wọn. Fóònù Àbúrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìgbà wo ni?" ó bi í.

"Òwúrọ̀ yìí. Iná òkun ọ̀hún ti dé, wọ́n ń sọ ọ́ nínú rédíò." Àbúrò nu imú. "Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí wọ́n ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pè yín yẹn ni dókítà ti ní kí n kó ara mi jọ. Ìrora yẹn ti pọ̀ jù. Dókítà fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí wọ́n sùn, kí wọ́n lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n kọ̀."

"Wọ́n kọ̀?"

"Wọ́n ní táwọn bá sùn, ta ló máa gbé fóònù? Wọ́n ní ẹ ní káwọn dúró." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Wọ́n gbé fóònù lé àyà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn dì í mú, wọ́n ò gbà. Ìrora á dé, wọ́n á di ibùsùn mú, wọ́n á kérora, tó bá ti rọlẹ̀ wọ́n á ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dún táwọn ò gbọ́. Dókítà padà wá. Wọ́n tún kọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

"Mi ò bá yín jà," ni Àbúrò wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Kí lẹ fẹ́ bá wọn sọ tẹ́ ẹ fi ní kí wọ́n dúró?"

Ó lè purọ́. Irọ́ pọ̀ nílẹ̀ tó dùn gbọ́: pé ó fẹ́ dúpẹ́, pé ó fẹ́ tọrọ àdúrà lẹ́nu wọn. Ó la ẹnu, èyí tó jẹ́ òtítọ́ ló sì jáde.

"Kò sí nǹkan kan. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ni. Mo rò pé ìwọ ni."

Àbúrò wò ó, ó wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ kí ìyá ilé kejì má baà gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nílé yìí. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ni wọ́n sọ fún pé ọmọ àwọn ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá àwọn sọ. Inú wọn ń dùn sí i."

Ìyá ilé kejì ti dìde. Ó wá fi ọwọ́ gbá Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ mọ́ra, ó ń sọkún, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"O dé, ọmọ mi. O dé. Ọ̀rẹ́ mi dúró dè ẹ́ títí, ara ò gbà fún un ni. Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ fún un, má jẹ́ kó kú sí ẹ nínú o. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, sọ ọ́ sí i létí. Á gbọ́."

Ó sì yíjú sí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n dákẹ́, pé ọmọ fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ẹnì kan mú ọmọ tó ń ké jáde. Àbúrò dìde kúrò nílẹ̀ kó lè ráyè, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí ìyá rẹ̀. Etí náà ti tutù, ihò yẹtí wà níbẹ̀, irun funfun díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ títí. Wọ́n ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó wúkọ́.

"Màámi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Èmi ni. Ẹ máa sùn. Ẹ má dúró mọ́."

Ó gbé iwájú orí lé ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n lórí aṣọ funfun náà, ó ń gbọ̀n débi pé Àbúrò ní láti wá dì wọ́n mú.